Bọ́tìnì Tó Wà Lábẹ́ Lieko

Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí ni pé ẹ̀fọn kò jẹ mí.

Ẹni tí kò bá gbé Kainuu, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Finland, rí lè máa wò mí pé kí ló wá kan èyí. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, tí oṣù keje bá ti dé, ẹ̀fọn ló ni igbó, àwa ènìyàn kàn ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn ni. O kò lè lóṣòó wo ewé kan kí wọ́n má ti bò ọ́ lápá. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi rin igbó igi páìnì, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì ti fà lára mi yóò kún korobá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn, lórí òkè Latvavaara, mo dúró, mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, mo na apá síta bí alágbe, n kò rí ẹyọ kan. Ẹyẹ kò ké. Mo ń fojú rí i pé afẹ́fẹ́ ń mi orí igi, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìró rẹ̀.

Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ bàbá arúgbó ló ń dà mí láàmú. Mo ká apá ẹ̀wù wálẹ̀, mo kúnlẹ̀ ti iṣẹ́ mi.

Tuovi ni orúkọ mi. Bí wọ́n bá fẹ́ gé igbó kan, èmi ni wọ́n ń rán wọ ibẹ̀ kí ayùn tó dé. Bí mo bá rí ewéko tó ṣọ̀wọ́n, màá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, màá fọwọ́ sí i, wọn yóò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Bí n kò bá rí nǹkan kan, wọn yóò gé e. N kò kọ ohun tí ojú mi kò rí sílẹ̀ rí. Àwọn agégi kò fẹ́ràn mi, àwọn olólùfẹ́ igbó náà kò sì fẹ́ràn mi, mo sì fi ìyẹn yangàn.

Ẹni tó pè mí wá ni bàbá Eelis Karvala. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, àpọ́n tí kò gbéyàwó rí, ó ń dá gbé nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí àìsàn ọkàn dá a dùbúlẹ̀, ó kọ igbó ẹ̀yìn ilé fún Raimo, ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ti kú. Ara bàbá yá, ṣùgbọ́n ìwé ti di ìwé. Raimo ti wá ta àwọn igi náà. Wọ́n ti so ribọ́n pupa mọ́ wọn, nígbà ìwọ́wé wọn yóò gé gbogbo rẹ̀, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ tú ilẹ̀ ibẹ̀ láti gbin òmíràn. Bàbá kò lágbára lórí rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó lè dá ayùn dúró ni ewéko tó ṣọ̀wọ́n, ó sì sọ fún mi lórí fóònù pé òun mọ ibi tó wà.

Kí n tó gun òkè lọ, ó fún mi ní kọfí àti búrẹ́dì dúdú, ó sì kìlọ̀ ohun méjì fún mi. Àkọ́kọ́, kí n má gbẹ́ àárín ibẹ̀. Èkejì, bí mo bá fẹ́ kúrò, kí n bọ́ ẹ̀wù mi, kí n yí inú rẹ̀ síta, kí n tún un wọ̀ kí n tó gbé ẹsẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá ìyá tèmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ọmọ Kainuu tí kò mọ̀ pé igbó a máa bo ènìyàn. Ẹni tí igbó bá bò yóò máa rí àwọn tó ń wá a, kò ní lè dá wọn lóhùn. Àwọn tó ń wá a yóò máa rí òkúta tàbí kùkùté. Ìdákẹ́jẹ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí o yí ẹ̀wù rẹ padà, kí o fi bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, ojú ọ̀nà yóò sì là. A gbọ́ ọ láti kékeré bí a ti ń gbọ́ pé kí á má fi ọwọ́ tútù fọwọ́ kan irin nígbà òtútù. Ìyàtọ̀ ni pé ti irin, mo ti rí i.

“Rẹ́rìn-ín dáadáa,” bàbá Eelis wí. “Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mọ orúkọ gbogbo koríko, ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ ẹ́.”

Lieko ni ohun tó fi hàn mí. Lieko kì í ṣe koríko, kì í sì í ṣe igi. Ó ń fà nínú ilẹ̀ bí okùn, ó ń yọ ẹ̀ka sókè lẹ́sẹẹsẹ bí ìka ọwọ́. Kò ní òdòdó, kò ní èso, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè nìkan ló ń tú jáde, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń pa ọmọ lára kí itan rẹ̀ má bàa bó. Oríṣi méjì nínú wọn jọra bí ìbejì. Èyí tó pọ̀ nílẹ̀, tí kò sẹ́ni tó kà á sí, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, okùn rẹ̀ sì ń sùn lórí ilẹ̀. Èyí tó ṣọ̀wọ́n, tí òfin ń dáàbò bò, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ ti aró, igbó páìnì gbígbẹ oníyanrìn nìkan ló ń gbé, okùn rẹ̀ sì ń rìn nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Àwọ̀ lè tan ènìyàn jẹ. Ọwọ́ ni kì í purọ́: o ní láti fi ìka wa ilẹ̀ títí tí o fi máa kan okùn.

Èyí tó wà lórí òkè Latvavaara hù yí ká bí òrùka, ó tóbi tó pápá tí ọmọdé lè fi gbá bọ́ọ̀lù. Nínú òrùka náà kò sí nǹkan kan bí kò ṣe yanrìn àti ewé funfun tí àgbọ̀nrín ń jẹ. Mo wa ilẹ̀ létí rẹ̀, okùn náà wà ní ìsàlẹ̀ tó gùn tó ìka mi. Mo wa ibòmíràn, bákan náà ni. Inú mi dùn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn.

A lè ka ọjọ́ orí rẹ̀. Bí òtútù bá dé, okùn lieko a dúró. Bí yìnyín bá yọ́, a tún máa lọ. Ibi tó ti dúró a fún pinrin, bí ibi tí a ti so okùn. Ní ibi yìí, ọdún kan jẹ́ ìbú ọwọ́ mi kan tí mo bá na ìka. Mo fi ọwọ́ wọ̀n láti etí òrùka dé àárín. Láti ìlà-oòrùn, ọ̀kanlélọ́gọ́ta ni. Láti ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kanlélọ́gọ́ta. Àríwá àti gúúsù náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tó ń hù nínú igbó kì í dọ́gba bẹ́ẹ̀. Òkúta a dá a dúró níhìn-ín, gbòǹgbò igi a gbà á lọ́nà lọ́hùn-ún. Èyí dàbí ẹni pé nǹkan kan wà láàárín, tí ó ń mí jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Mo ya fọ́tò, mo kó ẹrù mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo tún bá ara mi létí òrùka náà. Mo bínú sí ara mi, mo tún yà sí ọ̀tún. Mo tún bá ara mi níbẹ̀. Nígbà kẹta, mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo yí inú rẹ̀ síta, mo wọ̀ ọ́. Ojú tì mí bí mo ti ń ṣe é. Lójú ẹsẹ̀ ni ìró afẹ́fẹ́ rọ́ lu mí létí, ẹyẹ ké, ẹ̀fọn bò mí. Mo wo aago. Mo rò pé mo ti lò tó wákàtí kan ààbọ̀ níbẹ̀. Aago kan ọ̀sán ni mo dé ibẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá, oòrùn ṣì wà lókè, bó ti máa ń rí lọ́dọ̀ wa nínú oṣù keje.

Bàbá Eelis rí ẹ̀wù tí mo yí padà, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bu kọfí fún mi. Ó jókòó.

“Ọdún mélòó lo kà?”

Mo ní ọ̀kanlélọ́gọ́ta ni. Ó rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, bí ẹni pé tábìlì náà lè fọ́.

Ó wá sọ fún mi ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni láyé rẹ̀. Ó ní òun ní àbúrò obìnrin kan rí tó ń jẹ́ Hilja. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1951, òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Hilja jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àwọn méjèèjì lọ ṣa èso dúdú inú igbó lórí òkè náà. Ẹ̀wù tí òun ti dàgbà jù ni Hilja wọ̀, ẹ̀wù onírun àgùntàn tí ó ní bọ́tìnì mẹ́rin, tí bàbá wọn fi ìwo àgbọ̀nrín gbẹ́. Ìyá àgbà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ojú bọ́tìnì náà rán ni, ó fún gan-an. Bí wọ́n ti ń ṣa èso, igbó dákẹ́. Ọmọdé ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ní kí Hilja pààrọ̀ bàtà rẹ̀, ó pààrọ̀ rẹ̀. Òun ní kí ó yí ẹ̀wù rẹ̀ padà. Bọ́tìnì mẹ́ta ni ọmọ náà tú. Èyí tó wà lọ́rùn kò tú, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ nítorí omi èso, ó sì ti fẹ́ sunkún.

“Mo sọ fún un pé, ‘Wò mí ná, bí a ti ń ṣe é nìyí.’ Mo bọ́ tèmi, mo yí i padà, mo wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, kùkùté kékeré kan ló wà níbẹ̀.”

Omi ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ omi sínú abọ́ ìfọwọ́, kán, kán.

Ó ní òun sáré délé, òun sì parọ́ pé Hilja ti ṣíwájú. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì kí igbó lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá a títí yìnyín fi bo ilẹ̀. Ìyá wọn kò tún rẹ́rìn-ín mọ́ títí ó fi kú. Ní ọdún kejì, òun padà lọ síbẹ̀, kùkùté náà ti wọlẹ̀, lieko kan ṣoṣo sì ti yọ níbẹ̀.

“Bọ́tìnì ẹyọ kan, Tuovi. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ tú u láti ọjọ́ yìí wá. Ó wò mí bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè náà.

“Ìyá àgbà ní igbó kì í jẹ́ kí àyè ṣófo. Ẹni tó bá tú ẹnì kan sílẹ̀ ni yóò wọlé dípò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ẹ̀rù bà mí. Mo pé ogún ọdún, ẹ̀rù ń bà mí. Wò mí báyìí, mo ti di arúgbó, ó ṣì ń bà mí.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tán. Mo rò ó pé ọmọ náà ṣìnà, ó kú, bàbá yìí sì ti fi gbogbo ayé rẹ̀ jẹ ara rẹ̀ níyà. Mo sọ fún un pé kí ó má ṣèyọnu: lieko náà ṣọ̀wọ́n, màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò ní gé ibẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Raimo ti dúró ti ọkọ̀ mi. Ọkùnrin gìrìwò kan ni, tí ojú rẹ̀ ti pupa nítorí àìsùn.

“Ṣé koríko lẹ fẹ́ fi gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ mi?” ó bi mí. “Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Bàbá yẹn ló gbìn ín. Láti kékeré ni mo ti ń rí i tó ń gbé korobá gun òkè yẹn. Ohun tí ènìyàn bá gbìn, òfin ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbẹ́ àárín rẹ̀ wò kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkankan.”

Kò burú, ohun tó sọ nípa òfin jẹ́ òtítọ́. Ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú fọ́ọ̀mù náà nìyẹn: ǹjẹ́ ènìyàn ló gbé ewéko yìí síbẹ̀? Bí ènìyàn bá gbin nǹkan, àmì rẹ̀ kì í parẹ́ nínú ilẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òrùka ni àárín rẹ̀. N kò lè fọwọ́ sí i láìgbẹ́ ibẹ̀.

Mo yà sọ́dọ̀ bàbá Eelis. Mo bi í pé kí ni ó máa ń gbé nínú korobá.

“Wàrà,” ó wí. “Ó fẹ́ràn wàrà.”

Mo sọ fún un pé mo ní láti gbẹ́ àárín ibẹ̀. Kò bínú. Ó yíjú wo ara ògiri, níbi tí ó gbé ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tó nípọn kọ́ sí, ó sì pẹ́ kí ó tó tún wo ojú mi. Ó ní bí mo bá gbẹ́ ẹ, kí n má fọwọ́ kan bọ́tìnì. Mo ṣèlérí fún un, mo sì ní in lọ́kàn láti mú ìlérí náà ṣẹ.

Igbó ti dákẹ́ kí n tó dé etí òrùka. Mo rìn wọ àárín, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ wa yanrìn. Kò sí ilẹ̀ àjèjì níbẹ̀, kò sí ojú ibi tí ṣọ́bìrì ti wọlẹ̀ rí, ilẹ̀ náà tò lẹ́sẹẹsẹ bí igbó ti tò ó. Ènìyàn kò gbìn ín. Iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn. Mo lè dìde nígbà náà.

Mo tún wà á díẹ̀ sí i. Ìka mi kan nǹkan tó rọ̀. Aṣọ onírun ni, ó ti dúdú, kò jẹrà. Ọrùn ẹ̀wù ni. Bọ́tìnì ìwo kan wà lára rẹ̀, funfun, ó wà nínú ojú rẹ̀ dígbí. Aṣọ náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tó ti wà nílẹ̀. Ó ró roboto, bí ìgbà tí ọrùn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ọrùn kankan.

N kò ní purọ́ pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe, n kò sì ní sọ pé mo rò ó. Mo ti bí ọmọbìnrin rí. Òwúrọ̀ mélòó ni ó ti dúró níwájú mi, tó na ọrùn sókè, tó dijú, tó ń retí kí n tú bọ́tìnì fún un? Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ náà ju orí mi lọ. Ojú bọ́tìnì náà fún gan-an lóòótọ́. Mo fi èékánná tì í, ó yọ.

Ẹ̀fọn kan bà lé mi lọ́rùn, ó jẹ mí.

Gbogbo igbó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: afẹ́fẹ́, ẹyẹ, ìró omi láti ìsàlẹ̀ òkè. Mo gbójú sókè wò yí ká, oòrùn ti rìn jìnnà kúrò níbi tó wà. Nígbà tí mo tún wolẹ̀, ihò tí mo gbẹ́ ṣófo. Kò sí aṣọ níbẹ̀. Lórí yanrìn, láti ibi ihò náà, ẹsẹ̀ kékeré ti tẹ̀ lọ sí ọ̀nà ilé. Mo tẹ̀ lé e tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kí n tó mọ ohun tó ṣe é. Bàtà ọ̀tún ló wà lápá òsì, ti òsì ló wà lápá ọ̀tún.

Mo sáré. Ẹsẹ̀ kékeré náà kò sáré, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níwájú mi bí ọmọ tó ń ti oko bọ̀, mo ń rí ibi tó ti yà síbi èso, tó sì padà sójú ọ̀nà. Ó gba ẹnu géètì wọlé. Ó gun àtẹ̀gùn. Kò sí èyí tó jáde.

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Bàtà kékeré méjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, awọ wọn ti le bí igi. Lórí tábìlì, ife wàrà kan wà tí ẹnì kan ti mu dé ìdajì. Mo fọwọ́ kàn án, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ̀wù onírun àgùntàn kékeré kan wà lórí àga, inú rẹ̀ síta. Mo pe bàbá Eelis, kò dáhùn. Mo wọ yàrá rẹ̀. Ẹnì kan ti tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ti fi kúbùsù bò ó dé àgbọ̀n. Egungun ni. Egungun kékeré, ó mọ́ tónítóní, orí rẹ̀ yà sí apá kan lórí ìrọ̀rí bí ti ẹni tó ti sùn.

Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ara fọ́ọ̀mù tí mo gbàgbé sórí tábìlì rẹ̀ ni ó ti ya á. Ó kọ ọ́ pé: “O ti tú u. Ìwọ ni igbó yóò gbà dípò rẹ̀, nítorí náà mo ṣíwájú rẹ. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níbẹ̀.”

Nígbà náà ni mo wo ara ògiri. Ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, nínú oṣù keje, nígbà tí òógùn ń bọ́ lára gbogbo ènìyàn. Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, mo rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yanrìn, ó tọ́, ó sì jìn, ó gun òkè láti ìhà kejì, mo tẹ̀ lé e dé àárín òrùka. Ibẹ̀ ló parí sí. Ihò tí mo gbẹ́ ti dí. Kùkùté kan wà lórí rẹ̀, ó ga dé orókún mi, kò sí níbẹ̀ ní wákàtí kan sẹ́yìn. Igbó ti dákẹ́. Mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Mo mọ̀ pé ó ń rí mi, mo sì mọ̀ pé kò lè dáhùn.

Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo yí inú rẹ̀ síta, mo wọ̀ ọ́, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Òjò rọ̀ kí àwọn ọlọ́pàá tó dé, ó sì fọ gbogbo ojú ẹsẹ̀. Wọ́n ní bàbá náà ló wá egungun àbúrò rẹ̀ rí, tó gbé e wálé, tí ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́, tó wá wọ igbó lọ kú. Wọ́n fi ajá wá a ní ọ̀sẹ̀ méjì, ajá kọ̀, kò wọ inú òrùka náà. Kò sí ẹni tó béèrè ẹni tó mu wàrà. A sin Hilja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lu agogo. Raimo sunkún bí ọmọdé níbẹ̀. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá má ta igi. Ṣùgbọ́n ó ti tà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lieko náà ti gbẹ. Gbogbo òrùka tó fi ọ̀kanlélọ́gọ́ta ọdún gbòòrò ti di pupa bí ewé tíì, mo fọwọ́ kàn án, ó fọ́. Mo jókòó tì í, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi, nítorí pé èmi nìkan ló mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀, bí n kò bá sì rí ewéko ààyè kan kọ sílẹ̀, ẹ̀rọ yóò tú ilẹ̀ náà nígbà ìwọ́wé. Mo rákò dé ìdí kùkùté. Mo wá a yí ká. Níbẹ̀, lábẹ́ rẹ̀, ẹyọ kan ti yọ, kò ju èékánná mi lọ, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ ti aró.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó kẹ́yìn bi mí pé ǹjẹ́ ènìyàn ló gbé ewéko yìí síbẹ̀. Mo di bírò mú títí ọwọ́ mi fi rẹ̀. Mo kọ “Rárá,” mo sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n gé òkè Latvavaara ní ìwọ́wé yẹn. Wọ́n fi àádọ́ta ìgbésẹ̀ sílẹ̀ yí ibẹ̀ ká, bí òfin ti wí, àwọn páìnì tó kù dúró níbẹ̀ láàárín pápá gbalasa.

Ọdún kejìlá nìyí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Nínú oṣù keje, mo máa ń gbé kọfí lọ fún bàbá Eelis nínú fúláàsì, nítorí kò fẹ́ràn wàrà. Kùkùté náà ti wọlẹ̀. Òrùka tuntun ti wà níbẹ̀, mo ń kà á, ìbú ọwọ́ méjìlá ni láti gbogbo ìhà. Ẹ̀fọn kì í jẹ mí níbẹ̀. Gbèsè ohun tí mo tú ni bàbá náà lọ san, ìyẹn kò sì kúrò lọ́kàn mi ní ọjọ́ kan.

Ní ọdún tó kọjá, mo fi ìka wa àárín rẹ̀ díẹ̀. Mo kan ọrùn ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Bọ́tìnì rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ fún, arọlápá-rọlẹ́sẹ̀ lè tú u. Mo fi ìka lé e lórí, ó sì pẹ́ tí mo fi wà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo da yanrìn bò ó padà, mo yí ẹ̀wù mi, mo sì wá sílé.